Fìlà Mọ́kànlá

Mo dúró níwájú ìsọ̀ aṣọ ọmọ ní ọjà Ìgbọ̀nà,
fìlà kékeré kan ti wà lọ́wọ́ mi,
aláwọ̀ omi ọsàn, ó rọ̀ bí òwú.
Ọlọ́jà ní, "Màmá, ẹgbẹ̀wá náírà ni, tiyín ni."
Mo ti ń tú ìdí ìró mi láti mówó
kí n tó rántí yàrá wa ní Òkè-Bàálẹ̀,
lọ́dún tí mo bí Kàmórù.

Fìlà mọ́kànlá. Mo kà wọ́n.
Páúdà mẹ́fà,
bàtà fún ẹsẹ̀ tí kò tíì mọ ilẹ̀.
Wọ́n á wọlé, wọ́n á gbé ọmọ sókè,
"Ẹ wo imú! Bàbá rẹ̀ gan-an ni!"
wọ́n á dá a padà sí mi láyà, wọ́n á jáde,
ife tí wọ́n fi mu míńírà á kù, á máa wò mí.
Èmi tí wọ́n rán bí aṣọ tó ya,
tí ohunkóhun kò tíì kan ẹnu mi láti àárọ̀,
mò ń dúpẹ́, mò ń dúpẹ́.

Ìyá Saúdátù nìkan ni kò béèrè ọmọ.
Aláró ni, apá rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá,
aró tí ọṣẹ ti sú láti bọ́.
Ó wọlé, ó wo igun yàrá,
ó kó ìlédìí, ó kó aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tó lẹ́jẹ̀,
ó kó ṣòkòtò ọkọ mi mọ́ ọn,
ó gbé ọpọ́n rù.
"O kú ewu," kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Nírọ̀lẹ́, aṣọ dé pẹ̀lú ooru oòrùn lára rẹ̀.
Àmì ìka aró kan wà létí ìlédìí kan.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rèé, mo ṣì ní in.
Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó mú fìlà wá.

Mo dá fìlà padà.
Ọlọ́jà wò mí bí ẹni tó fẹ́ jí i tẹ́lẹ̀.
Mo ra ẹja àrọ̀ méjì, ata, efinrin,
mo ra fúláàsì ńlá,
torí ta ni yóò dáná ògì ní aago mẹ́ta òru?
Mo délé, mo se ọbẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́.

Alẹ́kúwodò. Róṣídì, ọmọ àbúrò mi, ló ṣílẹ̀kùn.
Ojú rẹ̀ pọ́n bí epo,
bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ti ṣi ihò.
"Ẹ wọlé wá wo ọmọ."
Mo ní, "Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo sùn kẹ́yìn?"
Ó la ẹnu. Èsì kò sí níbẹ̀.
Ó jókòó sórí kéètì míńírà, ó fọwọ́ bojú.
A máa ń kí bàbá ọmọ pé ó kú ìnáwó;
ta ló ń kí i pé ó kú àìsùn?

Mùìnátù wà lórí bẹ́ẹ̀dì,
irun rẹ̀ kò rí ìyarí láti ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Mo gba ọmọ, mo pọ̀n ọ́n,
kì í ṣe pé mo fẹ́ wò ó:
ọwọ́ méjèèjì ni mo fẹ́ kó ṣófo kó lè jẹun.
Ó jẹ ẹja dé egungun, ó fa orí rẹ̀ mu,
omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ata ni.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ata ni.

Mo fi òrí pa á lórí, mo bẹ̀rẹ̀ ṣùkú.
Ìlà kẹta ni mo wà tó ti ń hanrun.
Mo fi ìyókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Róṣídì náà ti nà gbalaja sórí ẹní,
bàtà kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà.

Mi ò tíì rí ojú ọmọ náà.
Ó ń mí gbígbóná sí mi lẹ́yìn.
Fìlà wà lórí tábìlì, wọ́n tò ó bí ife.
Mo kà wọ́n: mẹ́tàlá.
Mo wá ọpọ́n lọ.